Ta lẹ pàdé níbi tí ẹ ti lọ ya fọ́tò Òkè Patti? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Owé, Kàbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, Òkun o, bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa. Mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí a ṣe kòńgẹ́ níbi tí a ti lọ ya fọ́tò. Màá kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹlòmíì gbà á lẹ́nu mi.

Oṣù Kẹwàá tó kọjá ni mo gbéra láti Kàbà, mo gba Òbájànà já sí Lọ́kọ́jà. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá: ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé, kí n yà á láti orí Òkè Patti. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan oṣù náà ni. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku á gba ojú ọ̀run, àwọn odò náà á wá dà bíi pé ẹnì kan fi aṣọ bò wọ́n. Àmọ́ bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, afẹ́fẹ́ á mọ́ lóló, èèyàn á sì rí i pé àwọ̀ omi ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì, tí wọ́n ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó wọnú ara wọn.

Nígbà tí mo dókè, ìkùukùu ti bo gbogbo ìsàlẹ̀. N kò rí odò, n kò rí ìlú. Mo gbé kámẹ́rà mi lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, mo jókòó sí ìtòsí ilé ìsinmi Lugard, gómìnà òyìnbó ayé àtijọ́, mo ń retí. Ó tó wákàtí kan. Bàbá àgbà kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bàbá á wò mí, á tún wo ojú ọ̀run. Nígbà tó rí i pé mo fẹ́ máa kó ẹrù mi, ó ní, "Má tíì tú u palẹ̀. Atẹ́gùn ti yí. Kò ní pẹ́ ṣí."

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Òkun o, ọmọ mi. Ọmọ ibo ni ẹ́?" Mo ní Kàbà. Ó ní, "Odòlú ni àbí Kàtù?" Ẹ̀ka méjì nínú ìlú Kàbà nìyẹn, mo sì mọ̀ nígbà náà pé onílé ni mo bá pàdé. Ó sọ fún mi pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe yìí ni òun náà fi tọ́ ọmọ, pé òun ní ilé fọ́tò lẹ́bàá ọjà Kàbà fún ọdún márùn-ún-dín-lógún kí òun tó kó wá sí Lọ́kọ́jà.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ níbí kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí mi, ọdún 1978 ni wọ́n yà á, ẹyọ kan ló kù nílé wa. Ikán ti jẹ igun rẹ̀ kan, omi sì ti ba ibi ojú ìyá mi jẹ́, ibẹ̀ gan-an. Ìyá mi ti lọ láti 2009. Láti kékeré ni mo ti máa ń dojú fọ́tò náà dé kí n lè wo òǹtẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀: àwòrán kámẹ́rà kékeré kan, orúkọ ilé fọ́tò, ọdún tí wọ́n fi báírò kọ, àti ìlà kan tó ní wọ́n ń tọ́jú nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò jáde. Òǹtẹ̀ yẹn wà lára àwọn ohun tí mo fi kọ́ ìwé kíkà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà lára òǹtẹ̀ náà fún bàbá. Ó dákẹ́, ó ń gbọ́. Kí n tó dé ìlà tó kẹ́yìn, òun ló kà á parí.

N kò mọ ìgbà tí ìkùukùu náà ṣí. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló pariwo pé, "Bàbá, ẹ wo odò!" Bàbá ní kí n má tíì tẹ̀ ẹ́, kí n jẹ́ kí oòrùn bọ́ sẹ́yìn ìkùukùu kékeré tó ń bọ̀ yẹn, pé bí oòrùn bá le jù, omi méjèèjì á máa kọ mànà, àwọ̀ wọn ò ní yà sọ́tọ̀ mọ́. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. N kò tíì ya fọ́tò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọwọ́ bàbá wà ní igun òsì rẹ̀, ó ń nà án sí ibi tí omi ti pàdé. Ẹni tí mo fi hàn ní kí n gé ọwọ́ náà kúrò. Mo kọ̀.

Ó ku èyí tó gbẹ̀yìn, màá padà wá sọ ọ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbọ́ tiyín.

Àgùnbánirọ̀ àtijọ́

Ẹ̀gbọ́n, omi bọ́ lójú mi o. Tèmi kò gùn.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti wá, Lọ́kọ́jà ni mo ti sin ilẹ̀ bàbá wa ní 2016. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo lọ ya irin òmìnira tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity, ibi tí wọ́n ti ń dá ẹrú sílẹ̀. Láyé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ní 1865. Mo ya fọ́tò débi pé nígbà tí mo fi máa dé orí Òkè Patti, bátìrì fóònù mi ti kú fin-ín. Mo dúró lábẹ́ igi oṣè ńlá orí òkè náà, inú mi ò dùn rárá. Arákùnrin kan tó wá pẹ̀lú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní òun á bá mi fi fóònù òun yà á, pé kí n sọ nọ́ńbà mi. Ó fi fọ́tò méje ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó kọ ọ́ sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn pé kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun mọ̀ pé mo délé láyọ̀.

Ọmọ Yàgbà ni. A ṣègbéyàwó ní 2019. Fọ́tò kẹrin nínú méje yẹn ló wà lára ògiri pálọ̀ wa.

Tíṣà Ìsánlú

Èmi ń kọ́ni ní ìmọ̀ nípa ilẹ̀ ayé. Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sórí Òkè Patti, iṣẹ́ mi sì ni láti ya fọ́tò wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń mú àlejò káàkiri ń sọ fún wọn pé orí òkè yìí gan-an ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lugard, tó wo Odò Ọya, tó sì sọ orílẹ̀-èdè wa ní Nàìjíríà. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn yẹn, ó sì dùn-ún gbọ́. Àmọ́ n kò lè jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀. Mo pe ọ̀dọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, n kò dójú tì í níwájú wọn, mo ní, "Àbúrò, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kìíní 1897 ni orúkọ yẹn jáde nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn The Times. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1900 ni Lugard tó ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́jà níbí, ọdún 1902 ni òun àti Flora sì tó fẹ́ra." Ó wò mí títí. Mo rò pé ó máa bínú ni. Ó yọ báírò jáde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ," ó sì ń kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń ta ẹja yíyan fún àwọn àlejò. Ó ti ń gbọ́ wa bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ lédè Yorùbá tí ahọ́n Núpé hàn nínú rẹ̀ pé, "Orúkọ Nàìjíríà lẹ ń bá ara yín fà, ṣé ẹ mọ orúkọ òkè yìí fúnra rẹ̀?" Ó ní lédè tàwọn, òkè ni patti. Pé ìdí nìyẹn tí ìlú Pátégì tó wà ní Kúwárà fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, "òkè kékeré" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá wá ní Mount Patti, Òkè Òkè lẹ ń pè é yẹn!

Ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ orúkọ yẹn sójú pátákó, ẹnikẹ́ni ò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi rí. Mo ra ẹja ìyá náà tó kún àpò. Nínú fọ́tò kíláàsì tọdún yẹn, àárín ni ìyá náà jókòó sí, pẹ̀lú abọ́ ẹja rẹ̀ lórí itan. Ọ̀dọ́ yẹn dúró lẹ́yìn, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí kámẹ́rà. Ẹ lè ka 1897 níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Mopa

Ẹ má bínú, tèmi kì í ṣe ti Lọ́kọ́jà, àwọn àpáta Ògìdì nílẹ̀ Ìjùmú ni. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á gbà pé wọ́n tó fọ́tò yà. Àpáta ńlá ńlá ni wọ́n, wọ́n pọ́n, wọ́n dá dúró láàárín igbó, ilé àwọn èèyàn sì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ìlú Olóyè Nike Okundaye nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí ní 1951, wọ́n sì kọ́ ilé iṣẹ́ ọnà síbẹ̀.

Òjò ká mi mọ́ ọ̀nà. Mo sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan, mo bá màmá kan tó jókòó ti òfì rẹ̀ tí wọ́n fi ti ara ògiri, irú èyí tí àwọn obìnrin wa máa ń hun. Kò béèrè ẹni tí mo jẹ́. Ó ní kí n jókòó, ó fún mi ní ẹ̀pà sísè. Nígbà tí òjò kọ̀ tí kò dá, ó ní kí n mú ọwọ́ wá. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gba òwú kọjá àti bí wọ́n ṣe ń fi igi lù ú kó lè ki. Ó ń sọ ìtàn aṣọ ìpò Bùnú fún mi bí ọwọ́ ṣe ń lọ: aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin olóyè, tí ó jẹ́ pé ara aṣọ òyìnbó ni wọ́n ti ń tú òwú pupa rẹ̀ kí wọ́n tó tún un hun. Mo ti rí aṣọ yẹn lójú ọ̀nà ìsìnkú láìmọye ìgbà. N kò mọ̀ pé ẹnì kan ní láti jókòó tú aṣọ odindi kan, okùn kan lẹ́yìn òmíràn, kí olóyè tó lè lọ sílé.

Ìwọ̀nba ìka mẹ́ta ni mo hun kí òjò tó dá, ó sì wọ́! Màmá ní òun ò ní tú u, kó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé mú mi gba ẹ̀yìnkùlé dé ibi tí àpáta ti hàn kedere, omi òjò ń ṣàn lára rẹ̀ bíi fàdákà. Mo yà á. Àmọ́ fọ́tò tí mo ń wò lójoojúmọ́ ni ti ìka mẹ́ta aṣọ wíwọ́ yẹn.

Ọmọ Owé, Kàbà

Ẹ ṣeun gan-an. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí fọ́tò àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Bí ẹnì kan bá ń wá ìgbà tó dára jù láti lọ ya fọ́tò lórí Òkè Patti: ẹ lọ ní àárọ̀ kùtù, lọ́jọ́ kejì òjò, kí ẹ sì mú sùúrù dání.

Ó yá, èyí tó kù. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà mo lọ sílé bàbá ní Àdánkọlọ. Páànù bisikíìtì mẹ́ta ló fa jáde lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí omíyalé 2012 wọ ilé wọn, ó ní ohun tí òun kọ́kọ́ gbé sórí àjà nìyẹn, kí òun tó rántí àpótí aṣọ. Àpòòwé ló kún inú wọn, ó kọ ọdún sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. A wá 1978 láti àárọ̀ di ọ̀sán, à ń nà wọ́n sí ojú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun ló rí i. Mẹ́fà ni. Márùn-ún jẹ́ irú èyí tó wà nílé, àwọn òbí mi dúró gbọn-in, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀kẹfà, gèlè ìyá mi ti tú, bàbá mi na ọwọ́ méjèèjì láti gbá a mú, ìyá mi sì ń rẹ́rìn-ín débi pé ojú rẹ̀ ti dé. Bàbá onífọ́tò ní òun ò fọ ìyẹn rí, pé láyé ìgbà yẹn ẹnikẹ́ni ò ní sanwó fún un.

Mo ní kí wọ́n bá mi fi ẹ̀rọ yà á sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ẹ̀dà méjì. Mo kọ́kọ́ gbé e lọ fún bàbá onífọ́tò. Ó dojú rẹ̀ dé, ó wá báírò. Òǹtẹ̀ rẹ̀ ti sọnù tipẹ́, nítorí náà ọwọ́ ló fi kọ gbogbo rẹ̀: orúkọ ilé fọ́tò, 1978, àti pé wọ́n ń tọ́jú nẹ́gátíìfù.

Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí mo gbé e lé e lọ́wọ́ ní Kàbà, ó wo iwájú rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Mo sọ fún un pé gèlè yẹn ò dúró." Ó yí i padà, ó ka ẹ̀yìn, ó tún un kà.

Ó ní, "Ọkùnrin yẹn ṣì wà láyé?"

Sátidé tó ń bọ̀ yìí la jọ ń lọ sí Lọ́kọ́jà. Bàbá mi ti ní ká gbé aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀.