Báwo ni mo ṣe lè mú kí ohun tí ìró kó jọ lẹ̀ mọ́ra?
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní 2023, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Heidelberg, ní Jámánì, fi ìgbì ìró kó àwọn ẹ̀rún kéékèèké jọ nínú omi di ohun tó ní ìrísí, láìfọwọ́ kàn án. Orí mi wú gan-an! Èmi náà ń gbìyànjú rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rún fóòmù àti ìró 40 kHz (ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n ní ìgbà 40,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), èyí tí etí èèyàn ò lè gbọ́. Wọ́n ń dúró lóòótọ́, ní nǹkan bíi mílímítà 4.3 síra wọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti pa ìró, gbogbo rẹ̀ á tú ká. Irú gọ́ọ̀mù wo ló yẹ kí n lò? Àbí kí n kúkú lọ sínú omi pẹ̀lú ìró 2 MHz (ìgbà mílíọ̀nù méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tí gígùn ìgbì rẹ̀ kò tó mílímítà kan?