Ohun Tí Ojú Wa Rí Nídìí Títọrọ Owó Ìrànwọ́ fún Àkójọ Ìwé Àtijọ́

Olùtọ́jú ìwé ẹgbẹ́:

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ tọrọ owó láti fi tọ́jú ìwé àtijọ́ ló ń rò pé bí òun bá ti lè fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣàlàyé bí ìwé náà ti ṣe pàtàkì tó, owó ti dé nìyẹn. Ohun tí èmi rí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùyẹ̀wò, ìyẹn àwọn tó ń ka ìwé ìbéèrè owó, ti gbà pé ogún ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe pàtàkì kí wọ́n tó ṣí ìwé ẹnikẹ́ni, nítorí ìdí tí a fi ya owó náà sọ́tọ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ń wá ni ẹni tó lè sọ iye ìwé tó wà nílẹ̀, ipò tí wọ́n wà, ẹni tó ni wọ́n, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn nígbà tí owó bá tán.

Àkójọ tí mo ń bójú tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan tó ti pẹ́: àkọsílẹ̀ ìpàdé, lẹ́tà, ìwé ìṣirò owó, àti ìwé ìròyìn tí ẹgbẹ́ náà ń tẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ pé owó ìrànwọ́ wà, ohun tó kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn aṣíwájú wa ni kí a ra sìkánà ńlá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ní. A bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹpẹ àkọ́kọ́, a sì ń wọn gígùn àyè tí ìwé gbà ní mítà, nítorí bí àwọn oníṣẹ́ yìí ti ń sọ títóbi àkójọ nìyẹn. Wọn kì í ka bébà ní oókan-oókan. Fún àpótí kọ̀ọ̀kan, a kọ irú ìwé tó wà nínú rẹ̀, ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí sí, a sì kọ ohun tó ń ṣe é: èyí tí ọ̀rinrin ti mú bu, èyí tí kòkòrò ti jẹ létí, èyí tí kílíìpù onírin ti dípatà mọ́ lára. Ìlànà àpèjúwe tí International Council on Archives, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1948, gbé kalẹ̀ ni a tẹ̀lé. Ó ní kí a ṣàpèjúwe odindi àkójọ ná, kí a tó bọ́ sí orí ẹ̀ka rẹ̀, kí a tó wá kan fáìlì bí ó bá di dandan. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè fi ọdún gbáko to lẹ́tà lẹ́sẹẹsẹ, kí ó má sì tíì lè dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo nínú fọ́ọ̀mù.

Àkọsílẹ̀ yìí ló bá wa yan ibi tí a ó lọ. Endangered Archives Programme, tí British Library, ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè Britain, ti ń darí láti 2004 pẹ̀lú owó Arcadia, àjọ kan tó ń fúnni ní owó ìrànwọ́, ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ fún wa, ṣùgbọ́n ohun tó ti wà ṣáájú àárín ọ̀rúndún ogún ni ètò náà ń wá ní pàtàkì. Ọdún tí a kọ sí ara àpótí wa sì fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé wa wá lẹ́yìn ìgbà náà. Modern Endangered Archives Program, tí ilé ìkàwé yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2018, tí owó tirẹ̀ náà ń ti ọ̀dọ̀ Arcadia wá, ni ó gba irú tiwa. Bí kì í bá ṣe pé a ti mọ ọdún àwọn ìwé wa, à bá kọ ìwé tó dára ránṣẹ́ síbi tí wọn kò ti ní yẹ̀ ẹ́ wò rárá.

Nínú ètò méjèèjì, ìwé gan-an kì í kúrò nílé. Àwòrán rẹ̀ ni a ń yà, tí a sì ń ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Ọ̀rọ̀ ìṣísílẹ̀ yìí ló fa àríyànjiyàn tó pẹ́ jù láàárín wa. Ẹ̀ka kan wà nínú àkójọ náà tó jẹ́ àkọsílẹ̀ aáwọ̀ tí ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ parí, àwọn ọmọ àwọn tí ọ̀ràn kàn sì wà láàyè. Àgbà kan bi wá pé ta ló fún wa láṣẹ láti tú àṣírí bàbá onítọ̀hún síta. Àwọn kan nínú wa ka ọ̀rọ̀ àgbà náà sí ìdènà. Èmi kò kà á sí bẹ́ẹ̀, nítorí ìbéèrè tí olùyẹ̀wò yóò bi wá gan-an ló bi wá. A yọ ẹ̀ka náà kúrò nínú ohun tí a fẹ́ yà, a kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé ìbéèrè láìfi ohunkóhun pamọ́, a sì gba ìwé àṣẹ tó ní ìfọwọ́sí lórí gbogbo ìyókù. Nígbà tí èsì dé, apá yìí ni olùyẹ̀wò kan yìn jù.

Ní ti ìṣúná owó, kúkúrú ni ọ̀rọ̀ mi: iṣẹ́ ènìyàn ló ń gba owó jù, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹni tí yóò yọ kílíìpù, tí yóò nu eruku, tí yóò ya àwòrán, tí yóò sì kọ àpèjúwe, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ ka ìtọ́sọ́nà dáadáa kí ẹ tó fi owó ilé kíkọ́ tàbí owó iná ọ́fíìsì sí i, nítorí ọ̀pọ̀ olùfúnni ni kì í san irú rẹ̀.

Olùtọ́jú àkójọ fọ́tò:

Mo fara mọ́ èyí tó pọ̀ nínú ohun tí ẹni ìṣáájú sọ, àmọ́ kí a má ṣe jẹ́ kí ó dà bíi pé yíya àwòrán nìkan ni owó ìrànwọ́ wà fún. Ohun tí àwa tọrọ ni àpótí tí kò ní ásíìdì, àpò fún nẹ́gátíìfù, àti pẹpẹ tí kò fara kan ilẹ̀. Yàrá wa kún débi pé a kò lè fa àpótí kan yọ láìkó òmíràn sílẹ̀. A lo RE-ORG, ìlànà títún ibi ìpamọ́ tò tí ICCROM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ́jú ogún ìṣẹ̀ǹbáyé, fi ń kọ́ àwọn ilé kékeré tí ibi ìpamọ́ wọn ti dàrú, a sì fi àwòrán yàrá náà ti ìwé ìbéèrè wa lẹ́yìn. Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé owó kékeré tí a ná, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì hàn sójú, wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ padà tọrọ èyí tó tóbi jù ú lọ.

Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn ènìyàn ń fi ìlà kan dáhùn, tó sì yẹ kó gba odindi ojú ìwé: níbo ni fáìlì àwòrán tí a bá yà yóò máa gbé? TIFF, irú fáìlì tí a fi ń tọ́jú àwòrán, ń gba àyè púpọ̀, hard drive tí a ń kó o sí sì lè kú láìfura. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọlu British Library, púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá lè rí èyí, ẹ má ṣe fi ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ẹ ní sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìṣúná pé ẹ̀dà kan yóò wà nílé, òmíràn yóò wà níbòmíràn, kí ẹ sì sọ ẹni tí yóò máa yẹ̀ wọ́n wò lóòrèkóòrè.

Ẹni tó ń tọ́jú téèpù ohùn:

Ọ̀rọ̀ téèpù yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ìwé tí a gbàgbé síbi gbígbẹ lè dúró de ọmọ-ọmọ, ṣùgbọ́n téèpù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 2019, UNESCO àti IASA, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ilé àkójọ ohùn àti àwòrán, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Magnetic Tape Alert Project, láti kìlọ̀ pé ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ téèpù àti ẹ̀yà ara rẹ̀ ń tán lọ. Nígbà tí mo ń kọ ìwé ìbéèrè tèmi, n kò sunkún sí i. Mo kọ irú téèpù tí a ní, irú ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ọ, àti pé èyí tó kù lọ́wọ́ wa kò ní arọ́pò. Mo sì ṣe ìṣirò àkókò rẹ̀ ní gbangba: téèpù wákàtí kan ń gba wákàtí kan kí ó tó wọ inú kọ̀ǹpútà tán, yàtọ̀ sí àkókò tí a fi ń nu ẹ̀rọ, tí a fi ń dán an wò, tí a sì fi ń kọ àpèjúwe. Olùyẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ yìí yóò rí i pé ẹni tó kọ ọ́ ti jókòó ti ẹ̀rọ rí.

Ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni títí owó fi dé ọwọ́ wa ni ti ìjábọ̀. Olùfúnni tiwa pín owó náà sí ìpele-ìpele, kò sì san èyí tó gbẹ̀yìn àfi lẹ́yìn tí ó ka ìjábọ̀ ìparí, nítorí náà ẹgbẹ́ tí kò bá ní owó díẹ̀ nílẹ̀ yóò jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lówó ní àwọn oṣù ìkẹyìn. Ẹ bèèrè èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, kí ẹ sì máa kó rìsíìtì pamọ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.