Mo ti yọ ImageMagick kúrò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò lọ! Ẹ gbà mí

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Orí ń fọ́ mi. Ìgbéyàwó tí mo yà ní Sátidé, àwòrán 640 ni, ìyá ìyàwó sì ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin láti àárọ̀. Wọ́n ní WhatsApp ni kí n fi ránṣẹ́ sí, kó má sì jẹ dátà àwọn. Owó iṣẹ́ gan-an ò tíì pé o, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àbúrò mi ní kí n gbé ImageMagick, ètò tó ń ṣàtúnṣe àwòrán, sórí kọ̀ǹpútà, pé ìlà kan ṣoṣo ni màá tẹ̀, gbogbo ẹ̀ á kéré. Mo tẹ convert bó ṣe wí, ó ní "Invalid Parameter". Mo yọ ọ́, mo tún gbé e sí i, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Èyí tó já mi láyà ni pé lẹ́yìn tí mo yọ ọ́ tán, mo tẹ convert, ó ṣì ń dá mi lóhùn! Ṣé fáírọ́ọ̀sì ni?

Akin Ubuntu: Kò le rárá. sudo apt purge imagemagick, lẹ́yìn náà sudo apt autoremove. Remove lásán máa ń fi fáìlì ètò sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan yẹn o. Mo lo mogrify, àṣẹ ImageMagick kan, sórí àwòrán ìsọmọlórúkọ àwọn ọmọ mi. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó kọ kékeré lé ńlá lórí. Tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ ò ní mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́yìndé.

Bàbá Fótò: Kí lẹ tún ń fi fèrèsé dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí ṣe? Fóònù ń dín àwòrán kù.

Akin Ubuntu: Àwòrán 640, lọ́kọ̀ọ̀kan?

Bàbá Fótò: Mo ti ń ya fótò kí wọ́n tó bí ẹ, ọmọ yìí.

Akin Ubuntu: Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀gbọ́n ayàwòrán, kí ni apt wí?

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá: Ó ní òun ò mọ sudo. Kọ̀ǹpútà mi kì í ṣe yẹpẹrẹ o, tòkunbọ̀ ni, 16GB.

Ṣadé: Ẹ dúró ná. Ṣé kì í ṣe Windows lẹ ń lò?

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá: Windows 10 ni. Ṣé mi ò sọ ọ́ ni?

Ṣadé: Ẹ ò sọ ọ́. Ẹ tẹ where convert.

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá: C:\Windows\System32\convert.exe. Ẹ wò ó, ibẹ̀ ló sá pamọ́ sí! Mo ti ń gbìyànjú àtipa á rẹ́ látàná, ó ní mi ò láṣẹ.

Ṣadé: Ẹ MÁ PA Á RẸ́! Ti Windows fúnra rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó sọ dísíìkì FAT di NTFS (ọ̀nà méjì tí dísíìkì ń gbà to fáìlì), kò mọ nǹkan kan nípa àwòrán. Ó ti wà nílé kí àlejò tó dé, ẹ lé àlejò lọ, ẹ wá ń bínú pé onílé ò lọ. Àṣẹ ImageMagick 7 ń jẹ́ magick. Convert kì í bá a wá sórí Windows mọ́ àfi tí ẹ bá yàn án. Ẹ gbé e padà, ẹ má yọ àmì tó wà níwájú "Add application directory to your system path". Ẹ pa fèrèsé dúdú yẹn dé, ẹ ṣí òmíràn, torí èyí tó ti wà ní ṣíṣí ò ní rí i. Ẹ wọ inú fódà àwòrán, kí ẹ tẹ̀:

mkdir kekere
magick mogrify -path kekere -resize 1600x1600 -quality 85 *.jpg

-path yẹn ni kò ní jẹ́ kó kọ lé ojúlówó lórí. Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì.

Akin Ubuntu: Ó dá mi lójú pé Ubuntu bíi tèmi ni àbúrò yín ń lò, kì í ṣe Windows.

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá: Òun ni. Ó yẹ kó ti sọ fún mi.

Bàbá Fótò: Fóònù ò bá ti ṣe é tán.

Ayàwòrán Mọ́kọ́lá: Ó ti ṣe é! Mo kà á, 640 pé. Mo ti fi ránṣẹ́. Ìyá ìyàwó ní kí ló dé tí òun ò sí níbi tí wọ́n ti ń gé kéèkì.