Ọjọ́ 6 ní Salvador, Bàhíà, pẹ̀lú màmá tí orúnkún ń dùn: báwo ni ká ṣe tò ó?

arìnrìnàjò_èkó

Ẹ kú ilé o. Èmi àti màmá mi ń lọ sí Salvador ní Brazil nínú oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ 6 péré la ní. Màmá ti lé ní ẹni 70 ọdún, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò lè máa gun òkè. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ò pọ̀: kí wọ́n rí ilé òrìṣà tí àwọn èèyàn wa dá sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n jẹ àkàrà ibẹ̀, kí wọ́n sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Itaparica, torí wọ́n gbọ́ pé eégún wà níbẹ̀. Èmi ní tèmi fẹ́ dé ìlú kékeré kan lẹ́yìn Salvador. Àdúgbò wo ni ká dé sí? Ọkọ̀ omi wo ni ká wọ̀? Ṣé wọ́n ń gba àlejò láyè nínú ilé òrìṣà? Ẹni tó mọ ìlú náà dáadáa ni kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn.

olókè_ìsàlẹ̀

Ẹ kú ìmúra. Kí ẹ tó mú àdúgbò, ẹ mọ̀ pé ìlú alájà méjì ni Salvador. Lórí òkè ni Cidade Alta wà, níbi tí àdúgbò Pelourinho àti àwọn ilé àtijọ́ wà. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá omi, ni Cidade Baixa, níbi tí èbúté àti ọjà Mercado Modelo wà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dúró bí ògiri ló pín wọn níyà, ó ga tó bíi mítà 70. Lífítì ńlá kan tó ń jẹ́ Elevador Lacerda, tí wọ́n ṣí ní 1873, ló ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ sókè. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ fẹsẹ̀ gun Ladeira da Montanha dípò rẹ̀: òkè náà le, kò sì dáa fún àlejò láti máa rìn níbẹ̀.

Ibi tí àlejò ti máa ń ṣìnà rèé: lífítì ò já yín sí Pelourinho gan-an. Praça Tomé de Sousa ló já yín sí. Láti ibẹ̀ dé gbàgede Terreiro de Jesus, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú, màmá á rìn ín. Láti Terreiro de Jesus lọ sí Largo do Pelourinho ni wàhálà wà. Ó dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, òkúta róbótó ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, tí òjò bá sì pa á, ṣe ló ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Bàtà onírọ́bà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀. Tó bá le jù, Museu Afro-Brasileiro wà lórí Terreiro de Jesus níbẹ̀, nínú ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àtijọ́. Àwọn pákó 27 tí oníṣẹ́ ọnà Carybé gbẹ́ àwọn òrìṣà sí wà níbẹ̀. Ìyẹn nìkan tó wákàtí kan gbáko.

Barra ni kí ẹ dé sí. Etíkun rẹ̀ tẹ́jú, ilé ìtura pọ̀, ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà wà níbẹ̀, Uber á sì gbé yín dé Pelourinho láìpẹ́. Ẹni tó bá dé sí Pelourinho fúnra rẹ̀ á máa gun òkè láàárọ̀ àti lálẹ́, kò sì ní í rí oorun sùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nítorí ìlù.

Ẹ tún fi sọ́kàn pé tí ẹ bá gba São Paulo wọlé, ibẹ̀ lẹ ti máa gba ẹrù yín, tí ẹ máa gbé e kọjá kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ tó tún fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ òfurufú Salvador. Ẹ fi wákàtí 3 sílẹ̀ láàárín méjèèjì, ó kéré tán. Ẹni tó bá ń ti London bọ̀ lè gba Lisbon, ọkọ̀ ibẹ̀ ń lọ sí Salvador tààrà.

ọmọ_etíkun

Ẹ jẹ́ kí n mú ti omi, torí ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ọ̀nà méjì ló wà sí Itaparica. Èkíní ni fẹ́rì ńlá tó ń kó mọ́tò: láti São Joaquim sí Bom Despacho, bíi wákàtí kan. Èkejì ni ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní lancha: láti Terminal Náutico tó wà lẹ́yìn Mercado Modelo sí Mar Grande, ìṣẹ́jú 40 sí 50. Lancha yá jù, ó sì sún mọ́ àárín ìlú. Àmọ́ omi Mar Grande ò jìn. Tí òkun bá fà, ọkọ̀ ò lè sún mọ́ èbúté, wọ́n á dá iṣẹ́ dúró fún wákàtí mélòó kan. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìyanṣẹ́lódì ni! Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wá *tábua de marés* (àkọsílẹ̀ àsìkò tí òkun ń kún àti tó ń fà) ti Salvador lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo àsìkò tí omi máa fà jù, kí ẹ sì yàgò fún un ní àlọ àti ní àbọ̀.

Fún màmá, fẹ́rì ni. Ó tóbi, kì í jì púpọ̀, àyè ìjókòó wà. Lancha á ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọjá etí ọkọ̀ nígbà tí omi ń gbé e sókè sódò, orúnkún ò fẹ́ ìyẹn. Tí ẹ bá sì wọ lancha, ẹ bèèrè ibi tí ẹ̀wù ìléfòó wà kí ó tó ṣí, tí òjò bá dé, ẹ má bá èrò rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní oṣù kẹjọ 2017, ọkọ̀ kan dojú dé lójú ọ̀nà Mar Grande yìí, èèyàn 19 ló bá a lọ.

Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ni Brazil ń ṣe àjọ̀dún òmìnira. Ẹ má kọjá lọ́jọ́ náà, ẹ má sì padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìlà mọ́tò á gùn gan-an. Tẹlẹ́sẹ̀ ń yá ju onímọ́tò lọ, ẹ má wulẹ̀ yá mọ́tò kọjá.

Eégún: Ponta de Areia ni, kò jìnnà sí Bom Despacho, takisí á gbé yín débẹ̀. Ilê Agboulá ni ilé tó lókìkí jù, ìjọba àpapọ̀ Brazil sì ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá. Àwọn Ọ̀jẹ̀ ń mú ìṣán lọ́wọ́ bíi tilé; *ojé* àti *ixã* ni wọ́n ń kọ ọ́. Òru ni wọ́n ń ṣe é, ó sì lè di àfẹ̀mọ́júmọ́. Kì í ṣe ìran àpéwò, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni inú ilé ló ń mú àlejò wọlé. Tí ẹ ò bá ní ẹni náà, ẹ lọ lọ́sàn-án, ẹ kí àwọn tó wà ládùúgbò, ẹ padà.

aláṣọ_funfun

Lórí ilé òrìṣà, ọ̀rẹ́ mi, má mú màmá gba Casa Branca lọ ní àkọ́kọ́. Òun ni ìyá gbogbo wọn lóòótọ́, Ilê Axé Iyá Nassô Oká. Àwọn tó bá mọ ààfin Ọ̀yọ́ á mọ ẹni tí Ìyá Nàsó jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ Ṣàngó. Ṣùgbọ́n orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló wà, àtẹ̀gùn pọ̀. Ilê Axé Opô Afonjá ní São Gonçalo do Retiro ni kí ẹ mú. Eugênia Anna dos Santos, tí wọ́n ń pè ní Mãe Aninha, ló dá a sílẹ̀ ní 1910. Ọgbà ńlá ni, òrìṣà kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀ nínú rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé wọn sì ń jẹ́ Ilê Ohun Lailai. Ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún yín.

Tí ẹ bá wà níbẹ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ìsìn Omi Òṣàlá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún wọn. Funfun látòkè délẹ̀ ni. Àní ní ọjọ́ mìíràn, ẹ má wọ dúdú, ẹ má wọ ṣòkòtò péńpé. Ọkùnrin ní apá kan, obìnrin ní apá kejì. Ẹ pa fóònù. Tí òrìṣà bá wọlé, ẹ dìde. Tí wọ́n bá pè yín sí *ajeum*, oúnjẹ ni, ẹ má kọ̀ ọ́.

Lẹ́tà x wọn ni ṣ tiwa: axé, Exu, Oxum. Orin àti àdúrà wọn jẹ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Potogí ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Màmá lè gbọ́ orin kan kí wọ́n fẹ́ tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn tó ń kọ ọ́ gbà á lọ́wọ́ ìyá wọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe gbà á.

Àkàrà wọn tóbi ju tiwa lọ. Ẹ̀wà tí wọ́n bó ni, àlùbọ́sà, iyọ̀, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in. Wọ́n á là á, wọ́n á kó vatapá, caruru tí í ṣe ilá, àti edé gbígbẹ sí i. Tí obìnrin náà bá bi yín pé *quente?* kì í ṣe gbígbóná iná ló ń bi, ata ló ń bi. Ẹni tí edé ò bá lára mu, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó là á. Nínú vatapá pàápàá edé wà. Abará ni ọ̀lẹ̀ wọn, inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti ń sè é, epo rẹ̀ ò pọ̀ tó ti àkàrà. Ìyẹn ni kí màmá fi bẹ̀rẹ̀, kí inú wọn má bàa yí lọ́jọ́ kìíní. Rio Vermelho ni kí ẹ ti jẹ ẹ́, ní ìrọ̀lẹ́. Ní àyíká ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, caruru Ìbejì wà káàkiri ìlú: ọmọdé 7 ló ń kọ́kọ́ jẹun kí àgbà tó fọwọ́ kàn án.

gbajúmọ̀_ọ̀nà

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ Morro de São Paulo? Etíkun tó dáa jù níbẹ̀ nìyẹn.

ọmọ_etíkun

Kì í ṣe fún orúnkún màmá o. Katamaráànù, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ síbẹ̀, ń lo bíi wákàtí 2 àti ààbọ̀ lórí agbami, èébì ń gbé ọ̀dọ́ pàápàá. Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, òkè ló kàn láti èbúté, mọ́tò ò sì sí lójú pópó ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ àfọwọ́tì ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Cachoeira ni kí wọ́n lọ. Ó tó kìlómítà 110 láti Salvador, bíi wákàtí 2 nínú bọ́ọ̀sì. Etí odò Paraguaçu tẹ́jú. Afárá irin ọdún 1885 ló so ó mọ́ São Félix ní òdì kejì. Ọdún ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ń jẹ́ Boa Morte ti kọjá lóṣù kẹjọ, ọjọ́ 13 sí 15 ni, ṣùgbọ́n ilé wọn wà níbẹ̀. Ẹ jẹ maniçoba. Ewé ẹ̀gẹ́ ni. Májèlé wà nínú rẹ̀ ní tútù, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sè é fún ọjọ́ mélòó kan. Ilé oúnjẹ tó ti pẹ́ ni kí ẹ ti jẹ ẹ́. Kí ẹ tó lọ, ẹ wo orúkọ ibùdókọ̀ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa, kí ẹ sì ra tàbọ̀ pọ̀ mọ́ ọn.

arìnrìnàjò_èkó

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. A ti yọ Morro kúrò. Tí owó ńkọ́? Ṣé káàdì á ṣiṣẹ́?

olókè_ìsàlẹ̀

Káàdì ń ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ àti nílé ìtura. Pix, ìsanwó orí fóònù, ni àwọn aráàlú ń lò, ṣùgbọ́n àkáǹtì Brazil ló ń béèrè, ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání fún alákàrà. Inú ṣọ́ọ̀bù tàbí báńkì ni kí ẹ ti lo ATM. Lọ́jọ́ Ẹtì ẹ wọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣe fún Òṣàlá. Àwọn kan á fẹ́ so tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ mọ́ màmá lọ́wọ́ bí ẹ̀bùn, lẹ́yìn náà wọ́n á béèrè owó; ẹ sọ pé *não, obrigado* (rárá, ẹ ṣé), ẹ máa lọ. Màmá á ní *obrigada*, torí obìnrin ni wọ́n. Ìhò iná wọn ò gba pulọ́ọ̀gì wa ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ra adápítọ̀ láti ilé.