Ìdẹ kantíkantí tí mò ń wé ń sanra jù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Aurora
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin apẹja ẹgbẹ́ wa. Orí àwọn ìdẹ àfọwọ́wé tíńtínní ni ìbéèrè mi dá lé, àwọn tó jọ kantíkantí tí a fi ń mú ẹja trout ní odò South Platte, lápá Deckers, ní Colorado níbí. Ṣọ́ọ̀bù ń ta ẹyọ kan ní dọ́là méjì sí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ àpáta ìsàlẹ̀ odò ń jẹ tèmi ju bí ẹja ṣe ń jẹ ẹ́ lọ. Mo wá ní kí n máa wé e fúnra mi. Mo ra fáìsì kékeré tó ń di ìwọ̀ mú, bọ́bìn tí òwú ń gba ẹnu páìpù rẹ̀ jáde, òwú dúdú, wáyà fàdákà, ìlẹ̀kẹ̀ àti ìwọ̀ nọ́ńbà 20 (bí nọ́ńbà ìwọ̀ bá ṣe ń ga sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i).

Èyí tí wọ́n ń pè ní Zebra Midge, òwú tí wọ́n fi wáyà yí ká bí ilà, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ayé ló ní kò sí èyí tó rọrùn tó o. Lọ́wọ́ ọkùnrin inú fídíò, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀. Lọ́wọ́ tèmi, ara rẹ̀ ń sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Òwú ń já. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kan kì í gba ibi tí ìwọ̀ ti tẹ̀ kọjá. Èyí tí mo bá rí wé tán, ẹja á sún mọ́ ọn, á wò ó, á sì kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹni tó dúró nísàlẹ̀ mi nínú omi kan náà sì ń mú tirẹ̀ léraléra.

Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ sórí ìwọ̀ tó tóbi ni? Ṣé dandan ni ìlẹ̀kẹ̀? Àbí àwọ̀ ni ẹja ń bá jà?

Àǹtí Télọ̀, Maryland
Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò. Èmi kì í pẹja, ọkọ mi ló ń lọ sódò. Èmi ni mò ń wé ìdẹ fún un, torí Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, òwú kò sì ṣàjèjì sí mi. Ẹ ò sọ irú òwú tí ẹ ń lò. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kọ 6/0 sí lára, ó ti ki jù fún ìwọ̀ 20. Ẹ wá èyí tó fẹ́lẹ́ jù ú lọ, 8/0 tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní 70 denier.

Ohun kejì, òwú máa ń lọ́ bí ẹ bá ṣe ń wé e. Tó bá ti lọ́, ó ti di róbótó nìyẹn, ìkan á máa gun orí ìkejì, ẹ ó sì rò pé ẹ ti wé e púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí bọ́bìn rọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ fi ìka yí i sí òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Òwú á tú, á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí mo bá ti wé e díẹ̀, mo tún máa ń yí i. Ìyàtọ̀ tó wà nínú èyí nìkan á yà yín lẹ́nu.

Ní ti jíjá: bó bá ń já níbì kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹnu ìwọ̀ ni òwú ń fara kàn. Bó bá ń já níbikíbi, ẹ fi ìka kan ẹnu páìpù bọ́bìn yẹn wò. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kì í dán, wọ́n á máa ha òwú títí á fi já.

Baba Deckers
Àǹtí ti bá wa sọ ti òwú, èmi á sọ ti ẹja.

Kantíkantí odò yìí kì í jẹni, kò sì sanra rárá. Inú ẹrẹ̀ ni ìdin rẹ̀ ń gbé. Nígbà tó bá ń gòkè lọ sójú omi láti yọ ìyẹ́, tín-ín-rín ni bí abẹ́rẹ́, àyà nìkan ló wú díẹ̀. Àsìkò yẹn ni trout ń fi í ṣe oúnjẹ jù, nítorí kò lè sá. Afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ awọ rẹ̀ máa ń dán, òun ni wáyà àti ìlẹ̀kẹ̀ fàdákà ń ṣojú fún. Gbogbo òwú tó o bá wé tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe, ìdẹ lo fi ń bà jẹ́.

Bí mo ṣe ń wé tèmi nìyí. Mo ti ìlẹ̀kẹ̀ dé ojú ìwọ̀, mo de ìwọ̀ mọ́ fáìsì. Mo bẹ̀rẹ̀ òwú lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ gan-an, mo yí i lẹ́ẹ̀mẹrin, mo gé ìrù rẹ̀ dànù. Wáyà tó kéré jù lọ́jà ni kó o lò. Ki orí rẹ̀ bọ inú ihò ìlẹ̀kẹ̀ láti ẹ̀yìn, kó má baà ṣe kókó sára. Wá fi òwú dì í mọ́ ọ̀pá ìwọ̀ lọ sẹ́yìn, ìpele kan ṣoṣo, títí dé ibi tí ìwọ̀ ti ń tẹ̀. Padà síwájú pẹ̀lú ìpele kan. Dúró níbẹ̀! Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n á tún lọ, wọ́n á tún bọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó jọ̀lọ̀. Yí wáyà ká lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹfà kí àlàfo wọn dọ́gba, dì í lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀. Má fi àlùmọ́gàjí gé wáyà, máa fì í yípo títí á fi já fúnra rẹ̀. Kò ní fi ṣóńṣó kankan sílẹ̀. So kókó ìparí, gé òwú, ó parí.

Àmọ́ mi ò tíì gbà pé sísanra nìkan ni. Ẹja tó sún mọ́ ìdẹ kó tó kọ̀ ọ́, okùn tàbí ìrìn ìdẹ ló rí. Omi Deckers mọ́ gaara. Bó bá jẹ́ okùn 5X lo fi so ó, bọ́ sórí 6X, kódà 7X, tó tún tín-ín-rín jù ú lọ. Kó o sì ṣọ́ ìléfòó tó wà lára okùn rẹ: bó bá ń sáré ju fóòmù orí omi lọ, okùn ń fa ìdẹ nìyẹn, kò sì sí kantíkantí tó lágbára láti sáré ju omi lọ. Fi òjé wẹ́wẹ́ kan sókè ìdẹ kó lè sún mọ́ ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ kó o tún ìwọ̀nyí ṣe kó o tó ra àwọ̀ òwú míì.

Ọmọ Ìbàdàn ní Bristol
Ìwọ̀ 20! Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ojú yín á fọ́ o. Ní adágún Blagdon àti Chew lọ́dọ̀ wa níbí, 10 sí 14 ni mò ń lò, torí kantíkantí adágún tóbi dáadáa. Buzzer ni orúkọ tí wọ́n ń pè é níbí. N kì í fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i rárá. Òwú, wáyà, àyà tó wú díẹ̀, àwọ̀ ọsàn fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kí n wá fi UV resin, gúlù tí ìmọ́lẹ̀ UV ń mú le, bò ó kó dán bọ̀rọ́, kó sì tètè rì. Dókítà kan wà ní Blagdon láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, Dr Bell, tó máa ń yẹ inú ẹja tó bá pa wò kó tó mọ ohun tó máa wé. Ohun tó bá níbẹ̀ ló ń ṣe àwòkọ rẹ̀, kò sì fi ohun ọ̀ṣọ́ kankan kún un.

Nítorí náà, bọ̀dá, ẹ fi 14 kọ́ ọwọ́ ná.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́
Gbogbo wàhálà yìí lórí ẹja tí ẹ ò ní sè? Ẹ fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀ kí ẹ jókòó jàre.

Baba Deckers
Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ní Cheesman Canyon lókè Deckers, ìdẹ àtọwọ́dá nìkan ni òfin gbà, ẹ ó sì dá ẹja padà sómi. Mú ekòló débẹ̀ kó o wá ròyìn fún wa lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ odò.

Ọmọ Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ adágún lò ń sọ. Odò tó ń jáde lábẹ́ ìsédò ni Zebra Midge ti wá, Lees Ferry ní Arizona, nísàlẹ̀ ìsédò Glen Canyon. Kó fi 16 kọ́ ọwọ́ nílé, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kó má gbé 14 wá sí Deckers. 20 sí 24 ni ti ibẹ̀, pàápàá nígbà òtútù. Ìsédò Cheesman tí wọ́n parí ní 1905 ló ń tú omi sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ibẹ̀ di yìnyín tán, tí kantíkantí fi ń jáde jálẹ̀ ọdún. Ìwọ tó béèrè, má wulẹ̀ jí lọ ní ìdájí nínú òtútù o. Àárín aago mọ́kànlá sí aago méjì ọ̀sán ni wọ́n máa ń jáde jù. Sun oorun rẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Aurora
Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. Àǹtí, 6/0 ló wà lára òwú mi, ẹ ti mọ̀ ọ́n kí n tó sọ. Mo ti ra òmíràn. Ó ku ti ìlẹ̀kẹ̀ o, kò gbà kọjá síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Colorado Springs
Ẹ yí ìlẹ̀kẹ̀ wò dáadáa, ihò rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Ihò kékeré ni ẹ ó kọ́kọ́ ki ẹnu ìwọ̀ sí, kí ihò ńlá kọjú sẹ́yìn. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi púláyà tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ mọ́lẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ á kọjá wẹ́rẹ́, yóò sì rọrùn láti yọ ọ́ lẹ́nu ẹja. Fún ìwọ̀ 20, ìlẹ̀kẹ̀ 1.5 mm ni. Bó bá jẹ́ 2 mm lẹ rà, ẹ fi pa mọ́ de 18 àti 16. Tungsten wúwo ju idẹ lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Idẹ tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, òjé tí Bàbá sọ á bá a rì.

Ní ti bóyá ìlẹ̀kẹ̀ pọn dandan: rárá. Òwú àti wáyà nìkan ń mú ẹja, mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbi tí omi kò bá jìn. Pupa náà dára, torí pupa ni ọ̀pọ̀ ìdin wọn. Ẹ kan kútẹ́ẹ̀sì tí kò láwọ̀ mọ́ kókó ìparí kó má baà tú, ẹ má ra gúlù olówó gọbọi kankan. Kí ẹ sì ra awò tó ń mú nǹkan tóbi. Ojú mi kò tíì burú, síbẹ̀ mi ò lè wé 22 láìlò ó.

Tí ẹ bá rí i tí ẹja ń fẹnu kan ojú omi, ẹ bọ́ Zebra kúrò. Ìdẹ orí omi tí wọ́n ń pè ní Griffith's Gnat ni kí ẹ so: fọ́nrán ìyẹ́ ọ̀kín kan tí ẹ wé mọ́ ìwọ̀, kí ẹ wá fi ìyẹ́ àkùkọ abilà yí i ká láti ẹ̀yìn dé iwájú. Orúkọ George Griffith ló ń jẹ́, ẹni tó wà lára àwọn tó dá Trout Unlimited, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo trout àti odò wọn, sílẹ̀ ní Michigan ní 1959. Ó máa ń léfòó, ó sì rọrùn fún ojú láti rí ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Aurora
Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ìbéèrè kan ló kù: ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ti gba fáìsì lọ́wọ́ mi, tirẹ̀ sì ti rẹwà ju tèmi lọ. Bí mo bá mú un lọ sódò, ṣé èmi á san láísẹ́ńsì tirẹ̀ náà?

Ìyá Ìbejì, Colorado Springs
Rárá o. Ní Colorado, ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò nílò rẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ rí i pé tiyín wà lápò. Kí ẹ sì ra fáìsì kejì.