7975WX àbí EPYC 9354? Ẹ gbà mí o, ọ̀la ni mo fẹ́ sanwó

fọkànsí_iṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mi ò ní fọ̀rọ̀ gùn. Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti jóná, iṣẹ́ kláyẹ́ǹtì sì wà lọ́rùn mi, wọ́n ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́. Mo fẹ́ to tuntun. Prosẹ́sọ̀ méjì ló wà níwájú mi báyìí, Threadripper PRO 7975WX (ti workstation) tàbí EPYC 9354 (ti sáfà), core 32 ni méjèèjì, ìyẹn ẹ̀ka ìṣirò 32 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tuntun ni Threadripper yẹn, EPYC yẹn àlòkù ni ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tà á ní kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Ọ̀la ni mo gbọ́dọ̀ sanwó ọ̀kan. Èwo ni kí n mú? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ní kí n lọ kàwé, ẹ ṣáà sọ èyí tó dáa jù.

Baba_Sáfà
Kí lo fẹ́ fi ṣe?

core_ò_tó
7975WX. Ó ń sáré dé 5.3GHz, 9354 ò kọjá 3.8. Tí core bá ti dọ́gba, eré ló kù.

ọmọ_Linux
@core_ò_tó o ti tún dé. 5.3 tó o ń pariwo yẹn, core bíi mélòó ló máa bá ọ sá a? Tí gbogbo 32 bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà wọ́n á rọra wálẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, kò tíì dáhùn, ìwọ ti ní kó lọ rà á.

GPU_ni_gbogbo_ẹ̀
Tó bá jẹ́ render (yíya àwòrán 3D jáde) ni, fi àwọn prosẹ́sọ̀ ńlá yìí sílẹ̀ jàre. Mú Ryzen 9 7950X, core 16 tó ọ, kó o wá kó owó tó kù lé GPU (káàdì àwòrán). Cycles inú Blender lórí káàdì gidi á ti parí iṣẹ́ kí core 32 ẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbóná.

Adé_kò_sùn
Ẹ dúró ná. ÀLÒKÙ? EPYC àlòkù? Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kẹ́ ẹ tó máa bá ara yín jà lórí GHz.

Mo ra irú ẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní inú sáfà tí ilé iṣẹ́ kan kó dànù lòun ti yọ ọ́. Ara ẹ̀ ń dán, kò sí ibi tó họ, nọ́ńbà orí ẹ̀ pé. Mo fi sínú bọ́ọ̀dù tuntun, mo dè é, mo tẹ bọ́tìnnì. Fáànù ń yí, iná ń tàn, sikirínì dúdú kirimú. Mo yọ RAM ku ẹyọ kan, ó dúdú. Mo pààrọ̀ BIOS láti ojú BMC (kọ̀ǹpútà kékeré inú bọ́ọ̀dù sáfà tí wọ́n fi ń darí ẹ̀), ó dúdú. Mo lọ ra RAM míì, RAM o, ó ṣì dúdú! Mo tún gbogbo ẹ̀ tú, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì SP5 yẹn, 6,096 ni wọ́n, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ níbi tí mo ti ń wá èyí tó wọ́, kò sí ọ̀kan tó wọ́. Ìgbà tẹ́nì kan wá bi mí pé sáfà ta ni wọ́n ti yọ ọ́ ni mo tó gbọ́ ohun tó ń jẹ́ Platform Secure Boot (PSB). Ilé iṣẹ́ tó to sáfà yẹn ti fi kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ jó fíúsì inú prosẹ́sọ̀ náà, ó tán, bọ́ọ̀dù tí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sàmì sí BIOS ẹ̀ nìkan ló máa bá ṣiṣẹ́ títí ayé. Fíúsì tó ti jó kò ṣeé dá padà.

Mo padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á, ó ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ tóun yọ ọ́. Kò purọ́ o! Ó ń ṣiṣẹ́, nínú sáfà tó ti yọ ọ́! Ó ṣì wà lórí tábìlì mi níbí, mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀.

ìdùnnú_kékeré
Yéèpà. Mo ní ọ̀kan tí mo ń dúnàádúrà lé lórí báyìí o. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ kó tó sanwó?

Adé_kò_sùn
Má rà á. Bó o ṣe ń mọ̀ nìyẹn.

Baba_Sáfà
Adé, rọra. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń tì í. Àwọn kan máa ń tan PSB láti ilé iṣẹ́, àwọn míì fi sílẹ̀ fún ẹni tó rà á kó tàn án fúnra ẹ̀ tó bá wù ú. @ìdùnnú_kékeré ní kó fi hàn ọ́ lórí bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, kì í ṣe nínú sáfà, kó ya fídíò níbi tó ti tàn títí dé ojú BIOS, kí nọ́ńbà ara prosẹ́sọ̀ náà hàn nínú fídíò kan náà. Tó bá ní òun ò ní bọ́ọ̀dù tóun lè fi dán an wò, bá tìẹ lọ.

core_ò_tó
Ṣẹ́ ẹ rí i? Mo ti sọ ọ́ láti òkè. Threadripper.

ọmọ_Linux
Threadripper PRO tí wọ́n bá yọ nínú workstation àwọn ilé iṣẹ́ kan náà máa ń ní títì yìí kan náà. Àlòkù ló yẹ ká máa bẹ̀rù, kì í ṣe EPYC. EPYC inú páálí tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi kan bọ́ọ̀dù ò ní wàhálà yìí rárá.

Adé_kò_sùn
Ta ló ń sọ̀rọ̀ inú páálí? Ọkùnrin yìí ní àlòkù ni òun rí, o sì ń ṣe lọ́yà fún wọn.

ọmọ_Linux
Mi ò ṣe lọ́yà ẹnì kankan. Ìbéèrè ni 7975WX tàbí 9354, o ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ.

ìdùnnú_kékeré
Mo ti fi fóònù sílẹ̀, mi ò rà mọ́. Ẹ ṣé o.

olóòótọ́_inú
@fọkànsí_iṣẹ́ ṣó o ti kó fáìlì ẹ jáde nínú èyí tó jóná? Bọ́ọ̀dù ló jóná, ìyẹn ò ní kí NVMe (dísìkì tí fáìlì ẹ wà) kú. Yọ ọ́, fi sínú àpótí USB, kó o so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù. Tí BitLocker (títì tí Windows ń fi sórí dísìkì) bá wà lórí ẹ̀, rí i dájú pé recovery key wà lọ́wọ́ ẹ, torí ó dájú pé ó máa bèèrè ẹ̀.

fọkànsí_iṣẹ́
Fáìlì wà lọ́tọ̀, ẹ ṣé sà. Ẹ̀rù ti bà mí báyìí o, Adé. Ẹ má bínú pé mi ò sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe, orí mi ò pé. OpenFOAM ni, sọfítíwíà tí mo fi ń ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ lára ilé gíga, mesh mi (àwọ̀n tí mo fi pín ààyè náà sí wẹ́wẹ́) máa ń tó sẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù 40. Mo tún máa ń ya ilé náà fúnra mi nínú CAD kí n tó gbé e lọ síbẹ̀. Yàrá tí mo ń sùn ni kọ̀ǹpútà náà máa wà.

àdùkẹ́_mesh
Ó yẹ kó o ti sọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ àbúrò, à bá ti parí.

CFD (irú ìṣirò afẹ́fẹ́ tó ò ń ṣe yìí) kì í sábà rí ti core rò, RAM ló ń dúró dè. Ẹ kó alágbàṣe 32 jọ síbi iyẹ̀pẹ̀, ẹ wá fún wọn ní ṣọ́bìrì mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. EPYC 9354 ní channel RAM (ọ̀nà tí dátà ń gbà wọlé láti RAM) 12 ní DDR5-4800, ìyẹn 460.8GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ìwé. 7975WX ní mẹ́jọ ní 5200, ìyẹn 332.8. Ìyẹn gan an kọ́ ló burú jù. Mẹ́rin péré ni àwọn ègé tí core wà nínú 7975WX, core mẹ́jọ mẹ́jọ, ọ̀nà tí ègé kọ̀ọ̀kan fi ń bá RAM sọ̀rọ̀ sì níwọ̀n, nítorí náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò lè fa gbogbo ohun tí channel mẹ́jọ lè gbé wá. Ti 9354, ègé mẹ́jọ ni wọ́n pín core 32 yẹn sí, mẹ́rin mẹ́rin. L3 ẹ̀ (ibi ìpamọ́ kékeré inú prosẹ́sọ̀) 256MB, ti 7975WX 128MB. Fún OpenFOAM, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, EPYC ni. Tuntun ṣá o, kì í ṣe ti ẹni tó ń rojọ́ yẹn. Tó bá jẹ́ CAD ló ń dà ọ́ láàmú, 9374F náà wà, core 32 náà ni, ó ń dé 4.3GHz.

core_ò_tó
Àǹtí, ẹ kú ìmọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Yàrá tó ń sùn! Bọ́ọ̀dù sáfà tó máa pẹ́ kó tó tàn, tí kò sí ihò etí kan tó máa fi gbọ́rọ̀, USB méjì lẹ́yìn, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sleep. Kó wá máa ya CAD lórí ẹ̀. CAD, core kan ló ń lò jù, 3.8 ń bẹ níbẹ̀ ó ń fà nílẹ̀. Ọ̀sán gbogbo ló máa fi jókòó tì í, òru ni simulation ń sá. Tí òru bá fi wákàtí kan gùn sí i kí ló kàn án, ó ti sùn.

àdùkẹ́_mesh
Ẹni tí kláyẹ́ǹtì ń pè láàárọ̀ lálẹ́ lo ní wákàtí kan ò kàn.

ọmọ_Linux
😂😂 USB méjì, ra hub. Ihò etí, ra èyí tí wọ́n ń ki bọ USB. Àwọn nǹkan tó o kà sílẹ̀ yìí, ìdajì ẹ̀ lèèyàn ń fi hub yanjú. Channel RAM, kò sí hub tó ń fi kún un.

tútù_nini
Ẹ ti gbàgbé ooru. 350W ni 7975WX, 280W ni 9354. @fọkànsí_iṣẹ́ tó o bá mú Threadripper, má lọ fi kúlà olómi tí wọ́n ṣe fún prosẹ́sọ̀ kékeré sí i, abẹ́ ẹ̀ ò ní bo orí prosẹ́sọ̀ yẹn tán, ẹ̀gbẹ́ tí kò bò ló sì máa gbóná. Tó bá jẹ́ EPYC, bọ́ọ̀dù ẹ̀ ni kó o wò, wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún afẹ́fẹ́ líle tó ń gba iwájú lọ sẹ́yìn. Irin pẹlẹbẹ tó wà lórí VRM (apá bọ́ọ̀dù tó ń fún prosẹ́sọ̀ níná) yẹn nílò ìjì. Tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú yàrá ẹ, ìyẹn ni pé nǹkan kan ń jóná díẹ̀díẹ̀.

GPU_ni_gbogbo_ẹ̀
Ṣé OpenFOAM ò lè lo GPU ni?

àdùkẹ́_mesh
Àwọn apá kan lè lò ó tó o bá lọ fi ohun àfikún sí i. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí kláyẹ́ǹtì wà lẹ́nu ọ̀nà.

xeon_ṣì_wà
Kò sẹ́ni tó dárúkọ Xeon w9-3495X? Core 56, ó ní AMX.

ọmọ_Linux
AMX fún mátíríìsì AI tí nọ́ńbà ẹ̀ kéré ni, OpenFOAM ń fi nọ́ńbà gígùn ṣírò. Core 56, channel mẹ́jọ, 4800. Lọ ka ohun tí àǹtí kọ.

Adé_kò_sùn
Mo ṣì ń sọ ọ́ o. Má ra àlòkù.

fọkànsí_iṣẹ́
Ẹ ṣé gan an, gbogbo yín. Mo bi ẹni tó ní EPYC yẹn pé inú sáfà wo ló ti yọ ọ́, mo rí i pé ó ka ọ̀rọ̀ mi, kò fèsì títí di báyìí. EPYC tuntun, wọ́n ní kí n dúró, mi ò sì lè dúró. Mo ti sanwó 7975WX àti bọ́ọ̀dù WRX90. RAM náà ti wà ńlẹ̀, 64GB mẹ́rin, RDIMM (irú RAM tí wọ́n ń lò fún sáfà àti workstation).

core_ò_tó
Ọkùnrin gidi 💪

àdùkẹ́_mesh
Mẹ́rin?

fọkànsí_iṣẹ́
Bẹ́ẹ̀ ni mà. 256GB. Ṣé kò tó ni?

àdùkẹ́_mesh
Iye kọ́ ni mò ń sọ, àbúrò. Channel mẹ́jọ lo sanwó ẹ̀, o wá fi RAM sí mẹ́rin. 332.8 tí mo kọ sókè ti di 166.4 báyìí, kọ̀ǹpútà ò sì tíì dé ilé. 32GB mẹ́jọ ni o yẹ kó o mú, 256 náà ni.

ọmọ_Linux
Tún un lọ pààrọ̀ o, kó o tó já ike ẹ̀.

fọkànsí_iṣẹ́
Mo ti já a. Wọn ò gbà á padà mọ́. Màá fi mẹ́rin kún un tí kláyẹ́ǹtì bá sanwó. Ìbéèrè mi tó kù ni pé ihò wo gan an ni kí n fi mẹ́rin yìí sí nínú mẹ́jọ? Ṣé mo lè tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan?

Baba_Sáfà
Rárá. Má fi ojú dá a mọ̀, wo ìwé bọ́ọ̀dù ẹ, ojú ewé tí wọ́n to bí RAM ṣe ń wọlé sí wà níbẹ̀, lẹ́tà ni wọ́n fi sàmì sí ihò kọ̀ọ̀kan, ìlà tí wọ́n kọ fún mẹ́rin ni kó o tẹ̀ lé. Irin ìdè kékeré kan (torque wrench) wà nínú páálí prosẹ́sọ̀ yẹn, òun ni kó o fi dè é, ó máa ró kà nígbà tó bá tó, má fi ọwọ́ agbára kún un. Nígbà àkọ́kọ́ tó o bá tàn án, sikirínì lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan. RAM ló ń yẹ ara ẹ̀ wò. Má pa á.

Adé_kò_sùn
Tó bá kọjá ogún ìṣẹ́jú tó ṣì dúdú, wá pè mí.