Ẹ̀dá ìpolówó, ẹ̀dá eré: èrò mi lórí ehoro Trix

Ẹ̀yin ará,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa gbé síwájú wa ni pé bí a bá mú ọ̀kan nínú àwọn ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ lára páálí oúnjẹ àárọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, bí ehoro orí páálí Trix, tí a sọ ọ́ di ẹni tí ènìyàn lè gbé wọ̀ nínú eré Dungeons & Dragons, kí ni a ó máa pe irú ẹranko náà (mascot) ní Yorùbá, kí sì ni a ó pe ohun tó dà? Àbá mẹ́ta ló ti wọlé: "àmì ìdánimọ̀", "òòṣà ọjà" àti "aṣojú iléeṣẹ́". N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Àmì ìdánimọ̀ kì í sọ̀rọ̀. Àwòrán orí àsíá tàbí ara ọkọ̀ ni. Òòṣà ní olùsìn, ó ní ojúbọ, ó ní èèwọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká fi orúkọ ohun tí àwọn ènìyàn ń bọ títí dòní pe ẹranko tó ń ta súgà. Ní ti aṣojú, ènìyàn tí wọ́n rán níṣẹ́ ni, ó sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la.

"Ẹ̀dá ìpolówó" ni àbá tèmi. A ti mọ ẹ̀dá ìtàn tipẹ́ nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀. Ìpolówó náà kì í ṣe àlejò: ẹni tó bá ti gbọ́ "Láńgbé jinná o!" rí mọ̀ pé ohùn ni ìpolówó tiwa, àgbàdo lè tà kí a tó rí ojú ẹni tó rù ú. Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ni pé wọ́n wá ara fún ohùn náà. Bí ẹ̀dá yìí bá wá kúrò nínú ìpolówó bọ́ sínú eré, ó di "ẹ̀dá eré". Ẹ̀dá kan náà ni, ibùgbé rẹ̀ ló yí padà.

Eré fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹnì kan kọ "eré ìkópa" fún role-playing game, irú eré tí Dungeons & Dragons jẹ́. Ìkópa ti ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹni tó lọ sípàdé kópa, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù kópa. Eré tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní 1974 ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn á jókòó yí tábìlì ká, kálukú á gba ẹ̀dá kan, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹ̀dá náà, dáìsì ni yóò sì sọ bóyá ohun tó dáwọ́ lé bọ́ sí i. A ní ọ̀rọ̀ tó bá èyí mu: gbé àwọ̀ wọ̀. Àwọn oníwàásù ń lò ó fún Jésù tó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀. Ìtàn ọdẹ náà kún fún àgbọ̀nrín tó bọ́ awọ sílẹ̀ nínú igbó, tó di obìnrin, tó sì gba ọjà lọ. "Eré ìgbáwọ̀wọ̀" ni mo pè é.

Lórí ẹni tó ń darí eré, inú mi dùn pé ọ̀pọ̀ yín ti fẹnu kò sí "atọ́kùn". Atọ́kùn mọ ọ̀nà, ó ń bá èrò sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í gbé ẹ̀kú wọ̀. Ó tán.

Ibi tí mo fẹ́ kí a jókòó sí dáadáa ni òṣùwọ̀n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀dá. Agbára, ìyára àti okun kò ní ìjà nínú. "Òòfà" tí ẹnì kan dá lábàá fún Charisma dára púpọ̀. Àríyànjiyàn wà lórí Intelligence àti Wisdom. Ẹni tó kọ̀wé ṣáájú mi pe èkínní ní ìmọ̀, ó pe èkejì ní ọgbọ́n, ó ní bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì ṣe pe Wisdom. Nínú ìwé Òwe, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ tí eré yìí gbé lé Wisdom lọ́wọ́: kí ènìyàn rí ohun tó fara pamọ́, kí ó fura pé irọ́ ni ẹni iwájú òun ń pa, kí ó kó ara rẹ̀ ní ìjánu nígbà tí idán bá fẹ́ gba ọkàn rẹ̀. Òye nìyẹn; Intelligence ni kí a pe ní ọgbọ́n. Ìjàpá ní ọgbọ́n, àfi pé òye kì í tó o: ó lè gbèrò bí yóò ṣe bá àwọn ẹyẹ lọ jẹun lọ́run, kò ní mọ ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́.

Ehoro Trix ló jẹ́ kí èyí dá mi lójú. Iléeṣẹ́ General Mills, ní agbègbè Minneapolis ní Amẹ́ríkà, ló ni ín; agbègbè yẹn náà ni Arneson ti ń darí eré tirẹ̀ kí Dungeons & Dragons tó di títẹ̀. 1954 ni Trix dé ọjà, 1959 ni ehoro rẹ̀ yọjú. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe láti ìgbà yẹn: bí yóò ṣe jẹ nínú àwo àwọn ọmọ. Yóò múra bí ẹlòmíràn, yóò bo etí mọ́lẹ̀, yóò pa ohùn dà. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jẹ ẹ́, ayọ̀ á gbé e fò, etí méjèèjì á nà sókè, àwọn ọmọ á sì gba àwo wọn, wọ́n á ní: ehoro aláìgbọ́n, ti àwọn ọmọdé ni Trix!

Mo lòdì sí "aláìgbọ́n" yẹn tọkàntọkàn. Ẹni tó lè pa irú ète bẹ́ẹ̀ ní ọgbọ́n lórí. Dáìsì olójú mẹ́fà mẹ́ta ni wọ́n fi ń mú òṣùwọ̀n, láti 3 dé 18: ọgbọ́n 16 ni mo fún un, òye 6. Bí a bá kọ "ìmọ̀ 16, ọgbọ́n 6", ẹni tó kà á yóò rò pé ọ̀mọ̀wé tí kò mọ ayé ni, bẹ́ẹ̀ ehoro yìí kò kàwé rárá, àrékérekè rẹ̀ ló pọ̀. Ìdí nìyí tí "alárékérekè" fi wù mí fún Rogue, ẹ̀dá tó ń fi ète àti ìkọ̀kọ̀ ṣiṣẹ́ nínú eré náà, ju "olè" lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Thief ni eré náà ń pè é ní àwọn ọdún 1970. Ẹ̀yà tirẹ̀ náà ti wà nílẹ̀: láti 2021 ni àwọn ẹ̀dá ehoro tí wọ́n ń pè ní harengon ti wọ inú eré náà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, saving throw, dáìsì tí a ń jù láti yọ nínú ewu. "Àjàbọ́" ni mo dá lábàá, bí ẹran tó já okùn ṣe ń ja àjàbọ́. Ẹ gbé e wò: wọ́n gbé àwo síwájú ehoro, atọ́kùn ní kó ja àjàbọ́ òye, ó gbọ́dọ̀ pé 15 kí etí rẹ̀ má bàa yọ. Òye 6 yóò yọ 2 kúrò nínú ohun tó bá jù, nítorí náà lórí dáìsì olójú ogún, 17 sókè nìkan ló lè gbà á. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá dán mọ́rán lẹ́nu yín, ẹ mú èyí tó sàn jù ú lọ wá.